Iná Wo ni Ó Yẹ kí A Mú Wọ Yàrá Kékeré ní Ìgbà Ọyẹ́?

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sí ẹni tí a ní láti sọ fún. Ètè a máa là, ẹsẹ̀ a máa funfun bí ẹni pé a fi eérú pa á, àwọn òkè tí ó wà yí Iléṣà ká a sì fara sin sínú eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa mú; ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù a dé, a sì máa le jù ní ìdájí, nígbà tí àkùkọ bá ń kọ. Ní àkókò yìí ni olúkúlùkù ń wá ohun tí yóò fi mú yàrá rẹ̀ móoru, àkókò yìí náà sì ni ewu tí a kò fojú rí ń wọlé tọ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, a rán àwa méjì láti ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Yàrá kan ṣoṣo ni a gbà, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fèrèsé onígíláàsì kan ni ó ní. A sì fi ìwé àtijọ́ dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí eruku. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù pọ̀, a gbé ìkòkò èédú wọlé. Èédú náà ti pọ́n dáadáa, kò rú èéfín rárá, a sì rò pé ewu rẹ̀ ti tán. A ti ilẹ̀kùn, a sì sùn. Ní òru, ọ̀kan nínú wa jí, orí rẹ̀ ń fọ́ bí ẹni pé a fi okùn dì í. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó rá lọ sí ìdí ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó sì fa ẹnì kejì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bì. Ìyá onílé wa jáde wá, ó sì ní, “Ibà ni.” Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti jókòó nínú afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, orí fífọ́ náà lọ. Ibà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé kan náà ni ọmọ ìyá onílé wa ti bímọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ìkòkò èédú sì wà ní ẹsẹ̀ ibùsùn òun àti ọmọ rẹ̀. A lọ bẹ ìyá náà pé kí ó gbé e jáde. Ó gbọ́ tiwa, ó sì gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Nígbà náà ni ó bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò lè dáhùn: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ní kí n gbé iná jáde, mo gbé e. Kí ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta?” Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn tí a rí ni a sì kọ síhìn-ín fún ìyá náà àti fún gbogbo ẹni tí ń gbé yàrá kékeré.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí èédú ń ṣe. Nígbà tí èédú bá ń jó, tí afẹ́fẹ́ kò sì tó o, a máa tú atẹ́gùn olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònósáìdì. Atẹ́gùn yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú, kì í sì í mú ni wúkọ́. Èròjà pupa kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ó ń ru ọ́síjìn kiri gbogbo ara. Èròjà yìí a máa di atẹ́gùn olóró náà mú ju bí ó ti ń di ọ́síjìn mú lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Bí ó bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn kò rí àyè mọ́. Orí a fọ́, òòyì a kọ́ ni, èébì a gbé ni, ara a rọ, oorun a sì kùn ni. Ẹni tí ó bá ti sùn lè má jí mọ́. Nítorí náà, èédú tí ó pọ́n tí kò rú èéfín ni ó ń tan ni jẹ jù. Èéfín a máa lé ènìyàn jáde. Atẹ́gùn yìí kì í lé ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwọn baba wa dáná sínú ilé, wọn kò kú.” Òtítọ́ ni pé wọ́n dáná, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí wọ́n dá a sí. Koríko tàbí ewé gbọ̀dọ̀gí ni wọ́n fi bo òrùlé, èéfín a sì máa gba inú rẹ̀ jáde. Ògiri kì í kan òrùlé tán, àgbàlá sì wà láàárín agbo ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ilé wọn ń mí. Lónìí, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri, a kan páànù àti sílìn, a fi gíláàsì sí fèrèsé, a sì tún fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. A mú àṣà ilé tí ń mí wá sínú ilé tí kò mí. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò sì tó láti gba ni lọ́wọ́ èédú. Sítóòfù oníkẹrosíìnì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ìdí fèrèsé. Ohunkóhun tí ó bá ń jó epo tàbí igi kò yẹ ní yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ hítà oníná mànàmáná. Kì í ṣe irin tí a ń tì bọ omi ìwẹ̀ ni a ń sọ, kì í sì í ṣe sítóòfù oníná tí a fi ń se ọbẹ̀. A kò ṣe àwọn wọ̀nyí fún yàrá, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti sun. Hítà tí a ṣe fún yàrá ni a ń sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní 1841, James Prescott Joule ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn bí iná mànàmáná tí ń gba inú wáyà kọjá ti ń mú kí wáyà náà gbóná. Bí iná náà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1906, Albert Marsh ará Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ lórí wáyà kan tí a fi níkẹ́ẹ̀lì àti krómíọ́ọ̀mù ṣe, èyí tí ó lè pọ́n nígbà gbogbo láìjó dànù. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ hítà títí di òní. Nǹkan kan kò jó níbẹ̀, kò gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹni tí ó sùn, kò sì tú atẹ́gùn olóró jáde. Ìdí nìyí tí ó fi sàn ju èédú lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀, ó sì ń jẹ owó. Nítorí náà ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n yàn.

Bí ẹ bá dé ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà tàbí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, ẹ lè bá ẹni tí yóò sọ fún yín pé hítà òun kì í jẹ iná, ṣùgbọ́n pé ó ń mú ooru ìlọ́po méjì jáde. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́. Gbogbo hítà oníwáyà ni ó ń sọ gbogbo iná tí ó bá jẹ di ooru. Èyí tí a kọ 1000 wáàtì sí lára, ìbáà jẹ́ ti 20,000 náírà tàbí ti 100,000, ooru 1000 wáàtì ni yóò mú jáde, kò lé, kò dín. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ju èyí lọ, èyíinì ni irú ẹ̀rọ amúlétutù kan tí a lè yí padà kí ó máa kó ooru láti ìta wọlé. Nítorí pé ó ń kó ooru tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ooru tí ó mú wọlé a máa ju iná tí ó jẹ lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹni tí ó gba yàrá kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yan hítà, kì í ṣe “èwo ni ó ń mú ooru jù?” ni ó yẹ kí á bèèrè, bí kò ṣe “báwo ni ó ṣe ń pín ooru rẹ̀, báwo ni ó sì ṣe ń dáàbò bo ni?”

Oríṣìí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ni èyí tí wáyà tàbí ọ̀pá rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀yin iná. Ẹni tí ó bá kọjú sí i ni ó ń yá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó nínú oòrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa tutù. Ó dára fún ẹni tí ó jókòó kàwé fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá kàn án lè gbiná, ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò jóná. Kì í ṣe ti yàrá ọmọ. Èkejì ni èyí tí ó ní fáànù nínú, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó sì ń mú yàrá kékeré yá kíákíá; ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa dí ẹnu rẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá sì dí, a gbóná jù. Ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ máa yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó sì máa gbọn eruku rẹ̀ nù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí epo wà nínú rẹ̀, tí ó ní ìhà púpọ̀ bí egungun ìhà màlúù. Epo náà kì í jó, a kì í sì í rọ òmíràn sí i. Ìwọ̀nba ni ó ń gbóná, ó sì ń bá ooru rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti mú iná lọ. Ó wúwo, ó wọ́n ju àwọn yòókù lọ, kì í sì í tètè gbóná. Síbẹ̀, fún yàrá tí a ń sùn, èyí ni a fọwọ́ sí.

Èyíkéyìí tí a bá rà, ó yẹ kí ó ní ohun mẹ́ta: ohun tí yóò pa á fúnra rẹ̀ bí ó bá ṣubú, ohun tí yóò pa á bí ó bá gbóná jù, àti ohun tí a ń pè ní tẹ́mósítáàtì, èyí tí ń pa á nígbà tí yàrá bá ti yá tó, tí ó sì tún ń tàn án nígbà tí ó bá tutù. Kí á wo àmì àjọ SON lára rẹ̀, kí á sì tàn án wò lójú ẹni tí ó tà á kí á tó sanwó. Ẹ gbé e ṣubú díẹ̀ níwájú rẹ̀; bí kò bá kú, ẹ dá a padà fún un.

Mélòó ni wáàtì tí ó tó? Yàrá tiwa, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ní afẹ́fẹ́ tí ó wúwo tó kílò 34. Bí a bá fẹ́ fi dígírì 6 kún ìgbóná afẹ́fẹ́ yìí nìkan, hítà 1000 wáàtì yóò ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 4. Kí ni ó dé tí yàrá fi ń pẹ́ kí ó tó yá? Nítorí pé ògiri, ilẹ̀ àti páànù ń jẹ ooru náà bí a ti ń mú un wá, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kò ní sílìn, páànù ni ó ń dáná fún. Nítorí náà, hítà 1000 wáàtì tó fún yàrá kékeré ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó ra 2000 láìtún sílìn rẹ̀ ṣe, ó ra ìnáwó.

Ní ti owó, hítà 1000 wáàtì tí ó tàn fún wákàtí kan jẹ yúnìtì kan. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà fi yúnìtì kan sí 225 náírà fún àwọn oníbàárà ọ̀wọ́ A. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ṣe ìṣirò: wákàtí 2 jẹ́ 450 náírà, wákàtí 8 jẹ́ 1,800. Ẹni tí ó bá tan án ní wákàtí kan kí ó tó sùn, tí ó sì pa á, ti ṣe ọgbọ́n lọ́nà méjì.

Ewu iná mànàmáná pọ̀ jù ní ibi tí a ti ń kì í. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onihò mẹ́ta tí a ń lò, èyí tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1947, lè gbé 13 ámpìà, èyíinì ni nǹkan bí 3000 wáàtì. Hítà nìkan ni kí á kì sí i. Kí á má ṣe kì í sí ẹ̀kísitẹ́ńṣọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù àti fóònù ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni wáyà wọn tín-ínrín bí okùn aṣọ. Kí á má sì ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, nítorí òun ni ó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ nígbà tí wáyà bá kan irin ara hítà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kí á fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò gbà á, tàbí tí ó ń rùn, kí á pa á, kí á sì pe oníṣẹ́ iná.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí ó kọ ìwé hítà ní òkè òkun kì í rántí, ṣùgbọ́n tí àwa mọ̀. Ní Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Síbẹ̀, àwa tí a ń gbé itòsí rẹ̀ kì í mọ wákàtí tí iná yóò lọ tàbí tí yóò dé. Iná a lọ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí hítà wà ní títàn. A gbàgbé rẹ̀, a ju aṣọ lé e, a sùn. Ní agogo méjì òru, iná dé, hítà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ aṣọ. Nítorí náà, ní gẹ́rẹ́ tí iná bá lọ, kí á yọ púlọ́ọ̀gì hítà. Agbára iná wa pẹ̀lú kì í dúró lójú kan. Hítà 1500 wáàtì tí a ṣe fún 230 fóòtì yóò di nǹkan bí 730 wáàtì bí iná bá rẹlẹ̀ dé 160. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sókè dé 260, yóò di 1,900 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Kí ó jìnnà sí ibùsùn, sí aṣọ fèrèsé àti ní pàtàkì sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 3. Kí á má sì ṣe sá aṣọ sórí rẹ̀.

Bí iná kò bá wá sí ń kọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ní kò lè gbé hítà 1000 wáàtì. Níhìn-ín ni a ti rí ìdáhùn tí ó dára jù fún ìbéèrè ìyá onílé wa, kò sì sí ní ọjà kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ wa pé kí ìgbóná ara ọmọ tuntun wà láàárín dígírì 36.5 àti 37.5, kí yàrá tí a ti ń bí i má sì tutù ju dígírì 25 lọ. Ní 1978, ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, Dókítà Edgar Rey rí i pé ẹ̀rọ tí a ń fi mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru kò tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé àyà ìyá rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín wọn, a sì fi aṣọ dì wọ́n pọ̀. Ara ìyá kì í gbóná jù, kì í tutù jù, kì í sì í jẹ yúnìtì. Kí á dé ọmọ ní fìlà, kí á wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, kí á sì fi ìwẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ di ìgbà tí wákàtí 24 bá ti kọjá lẹ́yìn ìbí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ti wí. Hítà jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ìyá ni ẹni tí ó ni iṣẹ́.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àlejò nínú irú ẹ̀kọ́ yìí. Láàárín 1956 àti 1961, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ó ti lo ìwé tí a fi ń sàmì sí bí ọmọ ti ń wúwo sí i lóṣooṣù. Ìwé náà sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ìyá má ṣe méfò, kí ó wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí á ṣe sí yàrá: kí á ra ohun kékeré tí a fi ń wọn ìgbóná, kí á fi í kọ́ ògiri. Nígbà púpọ̀ ni yóò sọ fún wa pé yàrá kò tutù tó bí a ti rò, àti pé kúbùsù kan péré ni ó kù.

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a fẹ́ di olùkọ́, ọjà náà ti di tiwa. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pé kí wọ́n sọ nílé pé èédú kò gbọdọ̀ wọ yàrá; ẹ sì jẹ́ kí á kọ́ wọn ní ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, kí ìyá kankan má baà bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó bi wá.

Ní ti ilé tí a gbé, ọmọ náà ti ń rá kiri báyìí. Bàbá rẹ̀ ra hítà elépo kan wá láti Òṣogbo, a sì ń tàn án ní wákàtí kan ní alẹ́ nígbà tí iná bá wà. Ìkòkò èédú náà kò sọnù. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, iṣu ni a ń sun lórí rẹ̀.